Ẹrù Ọdẹ Tí Mo Gbé Fún Ọdẹ́ṣínà

Ẹ sọ ìbọn yín kalẹ̀, ẹ jókòó. Mo rí ẹmu tí ẹ gbé dání, mo rí àgò tuntun tí ẹ hun, mo sì rí aṣọ dúdú tí Olúọdẹ Ògúngbèmí wọ̀ bí ẹni pé òun ni ó bí ọmọ tí mo sin. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ìpà fún Ọdẹ́ṣínà ọmọ mi. Ẹ ṣeun. Ó pẹ́ kí ẹ tó ronú kàn án, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu mi, nítorí ẹ kò lè gba ọ̀nà yìí wọ Igbó Àrìnṣubú láìgbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mi tí mo nà dí ojú ọ̀nà yìí, ibẹ̀ ni yóò wà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láàárín yín tí ó lè dá ẹsẹ̀ àgbà kọjá lójú gbogbo ènìyàn, kí ó dìde kí n rí ojú rẹ̀.

Kò sí. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo rí àwọn ọmọ kan láàárín yín tí wọ́n ra ìbọn kí wọ́n tó mọ ohun tí ọdẹ jẹ́, nítorí náà mo ní láti ṣàlàyé. Bí ọdẹ bá kú ní abà Ìdí-Ọmọ̀ wa yìí, sísin òkú rẹ̀ nìkan kò tó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ìbọn rẹ̀, apó rẹ̀, àdá rẹ̀ àti ẹ̀wù ìdẹgbó rẹ̀ sínú àgò, wọ́n á gbé e lọ sí igbó tí ó ti ń dẹ, wọ́n á ka àwọn ẹran tí ó pa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ẹrù náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìpà nìyẹn. Ìgbà náà ni òkú ọdẹ tó mọ̀ pé iṣẹ́ parí, tí á gba ọ̀nà ọ̀run lọ sinmi. Èyí tí wọn kò bá ṣe ìpà fún, inú igbó ni yóò máa wà, kò ní bá ìyá rẹ̀, kò ní bá baba rẹ̀. Ẹ mọ èyí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa lọ́jọ́ tí èmi Ọdẹ́yalé, tí mo ju Olúọdẹ lọ lọ́jọ́ orí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ pé kí ẹ ṣe ìpà fún ọmọ mi. Ògúngbèmí, o rántí èsì tí o fọ̀?

"Bàbá Ṣínà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni," ni Olúọdẹ wí. "Ẹ jẹ́ ká fi í sẹ́yìn."

N kò ní fi í sẹ́yìn. O ní ẹni tí ó gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ kì í ṣe ọdẹ. O ní ọmọ mi wọ káàkí aṣọ́gbó ìjọba, kí ìjọba lọ ṣe ìpà fún un. Jìmọ́ọ̀ tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ yẹn sì rẹ́rìn-ín, nítorí ìbọn tirẹ̀ ni ọmọ mi gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Jìmọ́ọ̀ pé níbo ni wọ́n ti gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbàtà Iyọ̀ ni, níbi tí àwọn ẹranko ti ń wá lá erùpẹ̀, tí abiyamọ ẹranko àti ọmọ rẹ̀ ń wá mu omi. Kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ sọ pé ìbọn kò gbọdọ̀ dún níbẹ̀. Àwọn baba wa ni wọ́n fi òfin náà lélẹ̀ nígbà tí ìjọba kò tíì mọ̀ pé igbó kan wà níhìn-ín. Ọmọ mi fi káàkí di òfin baba yín mú, ẹ ní ó di ọ̀tá yín. Nígbà tí àwọn agégẹdú dé pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́rọ wọn, ó dúró nídìí àràbà kan, ó ní wọn kò ní gé e. Wọ́n gé e. Igi náà wó lù ú. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ẹ kọ̀, mo hun àgò fúnra mi. Mo kó ẹrù ọmọ mi sínú rẹ̀, mo gbé ìbọn tèmi kọ́ èjìká, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pàdé ẹkùn lórí afárá onígi kan tí a kò lè yà fún ara wa, tí a wo ara wa lójú títí ẹkùn fi ṣe bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé, tí ó yí padà. Èmi ni mo jókòó lórí ohun tí mo pè ní gbòǹgbò, tí mo jẹ iṣu tán lórí rẹ̀, kí gbòǹgbò náà tó gbé orí sókè tí ó sì bèèrè bóyá mo ti yó. Àyà kò fò mí rí nínú igbó. Ṣùgbọ́n ẹrù tí mo rù lọ́jọ́ náà wúwo ju gbogbo ẹran tí mo ti pa rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù kan àti apó kan àti àdá kan ni.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ẹnu géètì ńlá tí ìjọba ṣe, nítorí mo lọ ilé ìwé, mo sì mọ bí a ti ń tọrọ àyè. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya erin sí. Erin náà jọ màálù tí ó ń ṣàìsàn. Ọ̀gá Ọlátẹ́jú, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí igbó, na ara rẹ̀ sórí àga abẹ́ pátákó, ó fi fìlà bo ojú.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí.

Ó ta gìrì. "Ta nì yẹn? Bàbá, igbó ìjọba ni ibí o. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibí."

"Èmi ni baba Ọdẹ́ṣínà tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́ yín. Mo fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ wọlé."

"Háà, Bàbá! Ẹ kú àṣẹ̀hìndè. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ. Ẹ̀yin ará abà ni ẹ ń ba igbó jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi lé yín jáde. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo erin, wọn kò gbọdọ̀ rí ẹni tí ó ru àgò."

"Àwọn agégẹdú ńkọ́? Ṣé wọ́n gba àyè lọ́dọ̀ yín?"

Ó wo ọ̀run bí ẹni tí ó ń wo òjò. "Àwọn wo? Kò sí agégẹdú kankan tí ó gba géètì yìí kọjá rí."

Òtítọ́ ni ó sọ. Wọn kò gba géètì kọjá rí. Mo rìn gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì rẹ̀, mo já sí ọ̀nà kan tí lọ́rì méjì lè yà fún ara wọn lórí rẹ̀, ọ̀nà pupa tí wọ́n là láti títì wọ àárín gbùngbùn igbó. Kò sí géètì níbẹ̀, kò sí pátákó, erin aláìsàn kankan kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà wọlé, mo sì ń fi orí balẹ̀ rìn bí àlejò nínú igbó tí wọ́n ti bí mi.

Ibi tí ọ̀nà náà parí sí, igi kan kò dúró mọ́. Kùkùté nìkan ni mo ń rí, àti ìyẹ̀fun igi tí ó bo ilẹ̀ bí èlùbọ́. Ẹ̀dá kan ń rìn kiri láàárín àwọn kùkùté náà. Ó kúrú tó kùkùté, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí iwájú, ó sì ru ilẹ̀kùn kan lórí, ilẹ̀kùn lásán tí kò ní ilé. Bí ó bá dé ìdí kùkùté kan, á sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀, á gbé e ti kùkùté, á wo inú, á mi orí, á tún gbé e rù.

"Ìwọ ẹlẹ́rù," ni mo ké sí i, "kí ni ò ń wá?"

"Ilé mi," ni ó dáhùn. "Inú ìrókò ni mò ń gbé. Mo jáde lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo dé, n kò bá ilé. Ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, nítorí kòkòrò ti jẹ ẹ́, kò ní tà lọ́jà. Ìwọ náà ẹlẹ́rù, kí ni ò ń wá?"

"Àbàtà Iyọ̀ ni mò ń lọ. Wọ́n ti gé gbogbo igi tí mo fi ń mọ ọ̀nà."

Ìwin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. "Ọdẹ sọnù nínú igbó! Wọ́n mà bà ọ́ jẹ́ o. Fún mi ní fìlà rẹ kí n fi ṣe òrùlé, n ó mú ọ dé ibẹ̀."

Mo fún un. Fìlà tí mo ti ń dé láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, mo bọ́ ọ fún ìwin. Ó dé e sórí ilẹ̀kùn, kò dé e sórí ara rẹ̀. Ó ní ìgbà tí ilé bá kọ́kọ́ ní òrùlé ni onílé tó lè ní fìlà. Ẹ̀dá tí kò nílé sì ní ìwà ju ọ̀pọ̀ ẹni tí mo mọ̀ lọ.

A ń bá ọ̀nà lọ nígbà tí nǹkan gbá mi lẹ́sẹ̀ mú, tí mo sì ṣubú lulẹ̀. Wáyà ni. Tàkúté wáyà tí kò mọ ẹran tó lóyún yàtọ̀ sí akọ, tí kò mọ ọmọdé ẹran yàtọ̀ sí àgbà. Mo wo bí wọ́n ti so ó, mo sì mọ ọwọ́ tí ó so ó. Jìmọ́ọ̀, má wo ilẹ̀. Ìwọ nìkan ni ò ń fi aṣọ pupa di ìdí wáyà kí o lè padà mọ ibi tí o dẹ ẹ́ sí.

"Bàbá, kì í ṣe èmi nìkan o," ni Jìmọ́ọ̀ wí.

Mo gbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bí n ó ti tú ara mi sílẹ̀ ni igbó fọ́ yángá níwájú wa, ẹfọ̀n kan sì yọ, akọ ńlá tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, tí wáyà ti jẹ wọ ọrùn rẹ̀ títí ó fi di egbò. Ìbínú tí ó ní sí gbogbo ọmọ ènìyàn ni ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lé mi lórí. Mo na ìbọn sí i, ìbọn kọ̀, kò dún. Ó tẹ orí ba, ó ń bọ̀ kíkankíkan. Ìwin náà kò sá. Ó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ dúró ṣánṣán láàárín èmi àti ẹfọ̀n, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ẹfọ̀n fi orí gbá ilẹ̀kùn, gbàà!

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?" ni ìwin bèèrè, bí onílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ẹfọ̀n dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ó dúró! Ta ni yóò bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ tí o kò ní dúró?

"Èmi ni," ni ẹfọ̀n kùn.

"Kí lo fẹ́?"

"Ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ."

"Àlejò mi ni. Ó wà nínú tàkúté bí ìwọ náà ti wà. Bí ó bá kúrò nínú tirẹ̀, yóò bọ́ tìrẹ. Bí o bá pa á, wàá máa gbé wáyà ọrùn rẹ kiri títí ikú."

Ẹfọ̀n ro ó. Àdá ọmọ mi ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà nínú àgò, mo fi gé wáyà ẹsẹ̀ mi, mo rìn yí ilẹ̀kùn náà ká, mo sì gé wáyà ọrùn ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n kò dúpẹ́. Ó mí gbígbóná sí mi lójú, ó sì wọ igbó lọ. Àdá ọmọ mi kò pa ẹran kan rí, ẹran kan ni ó kọ́kọ́ gbà là.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé Àbàtà Iyọ̀. Ìwin kò tẹ̀síwájú mọ́, ó ní kò sí kùkùté níbẹ̀ tí òun fẹ́ wò. Àwọn ẹranko tí mo ti rò pé wọ́n ti tán pátápátá dúró yí omi ká: ìgalà, ẹtu, ìmàdò, ọ̀bọ tí ń gbé ọmọ pọ̀n. Ọmọ mi jókòó lórí òkúta kan láàárín wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dé fìlà káàkí rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ̀nà. Mo mọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo pè é. Kò yíjú.

"Kò lè gbọ́ ọ," ni ohùn kan wí lókè orí mi. "Ẹnu iṣẹ́ ló wà."

Abo erin kan ni ó sọ̀rọ̀, arúgbó tí etí rẹ̀ ti ya, tí eyín rẹ̀ kan ṣoṣo gùn títí dé ilẹ̀. Mo sọ àgò kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá ńlá ni.

"Ẹrù ọdẹ ni o gbé wá," ni ó wí. "Ta ni ọdẹ náà?"

"Ọmọ mi ni, Ìyá."

"Kí ni ó pa?"

"Kò pa nǹkan kan."

"Ẹran tí ọdẹ pa ni ẹ fi ń ṣe ìpà. Kí ni o fẹ́ kà?"

Mo dìde dúró. Mo na ọwọ́ sí àwọn tí ó yí omi ká. "Ìgalà tó wà lọ́hùn-ún yẹn, kò pa á. Ẹtu yẹn, kò pa á. Ìmàdò yẹn àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò pa wọ́n. Ẹ̀yin náà, Ìyá, kò pa yín. N ó máa kà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú bí ẹ bá fẹ́."

Erin náà fẹ etí. "Ọ̀rọ̀ rẹ wọlé," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mú olùṣọ́ wa lọ ní láti já àlọ́ wa. Ọ̀kan rèé: wọ́n ṣe ilẹ̀kùn méjì fún mi, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí èyí tí olè kì í gbà, wọ́n fi èyí tí olè ń gbà sílẹ̀ gbayawu. Kí ni mo jẹ́?"

"Igbó yìí ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀kùn kejì wọlé ni."

"Òmíràn rèé: mo wà nílé baba mi, wọ́n ní àlejò ni mí, kí n jáde, mo jáde, inú bí mi, mo wá ń fi òru jí ẹrù ilé baba mi gbé. Kí ni mo jẹ́?"

Mo fẹ́ dákẹ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo dáhùn. Mo ní, "Ẹgbẹ́ ọdẹ Ìdí-Ọmọ̀ ni." Ẹ̀yin rèé. Inú bí yín sí ìjọba, ẹ wá ń fi ìyà rẹ̀ jẹ ìgalà.

"Ó ku ẹyọ kan," ni erin wí. "Òkú ń ṣiṣẹ́, alààyè ń sùn. Ta ni òkú, ta ni alààyè?"

"Òkú ni ọmọ mi. Alààyè ni Ọlátẹ́jú abẹ́ pátákó, alààyè ni Ògúngbèmí àti àwọn ènìyàn rẹ̀."

"O já a. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọmọ yìí, ìbọn kì í dún níhìn-ín, ayùn ẹlẹ́rọ kì í ṣiṣẹ́, nítorí ó jókòó síbẹ̀. Ẹ kò ṣe ìpà fún un, ẹ rò pé ẹ fi ìyà jẹ ẹ́, ẹ kò mọ̀ pé ẹ fi ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn jíǹkí wa. O wá wá mú un lọ. Ta ni o mú wá rọ́pò rẹ̀?"

Mo wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ láti ìgbà kékeré rẹ̀, ó sì ti ń retí rẹ̀ lọ́run láti ọjọ́ yìí.

"N ó jókòó," ni mo wí. "N ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà abà."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí òjò ọdún yìí yóò fi dá."

"Kò tó."

"Títí n ó fi kú, nígbà náà."

"Bí o bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á ṣe ìpà fún ọ, ìwọ náà á gba ọ̀run lọ, a ó tún di aláìní ẹ̀ṣọ́. Wọn á sáré ṣe tìrẹ, nítorí wọn á ti mọ ohun tí kíkọ̀ ń fà."

Mo mọ ohun tí ó ń bèèrè. Mo bọ́ ìbọn mi kúrò léjìká, ìbọn tí baba mi fún mi. Mo bọ́ apó mi, mo bọ́ ẹ̀wù ìdẹgbó mi, mo yọ àdá mi, mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀. Erin gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n rì sínú àbàtà, ẹrẹ̀ sì padé lé wọn lórí. Ó bèèrè bóyá mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní mo mọ̀ ọ́n: ọdẹ tí kò ní ẹrù kò ní ìpà. Ibi tí ọmọ mi ń lọ, n kò ní dé ibẹ̀ láéláé.

Mo wá gbé àgò ọmọ mi sídìí òkúta tí ó jókòó lé. Ìgbà náà ni ó yíjú. Ó ṣí fìlà káàkí rẹ̀, ó fi lé mi lórí, nítorí ó rí i pé orí mi ṣófo. Ó dìde, ó na ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ti jókòó pẹ́, ó sì gba àárín àwọn ẹranko lọ. N kò rí i mọ́.

Ìtàn náà nìyẹn. Ọlátẹ́jú ń sọ lórí rédíò báyìí pé ìṣọ́ òun ni ó lé àwọn agégẹdú lọ. Ẹ jẹ́ kí ó máa sọ ọ́. Ẹ̀yin náà wá rò pé ọmọ mi ló ń dí ìbọn yín lẹ́nu, ẹ gbé ẹmu wá kí ẹ lè yára ṣe ìpà fún un kó máa lọ. Ọmọ mi ti lọ. Èmi ni. Bí mo bá ti jókòó síhìn-ín, ìbọn kò ní dún nínú igbó yẹn. Bí mo bá sì kú, n ó ṣì jókòó.

"Bàbá Ṣínà," ni Olúọdẹ wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àgbà ẹgbẹ́ ni yín. A ó ra ìbọn tuntun fún yín, a ó rán ẹ̀wù tuntun, kí nǹkan lè wà tí a ó fi ṣe tiyín lọ́jọ́ tó bá yá."

Ẹ gbọ́ ọ? Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ìpà, kò sí. Nísinsìnyí tí n kò fẹ́, wọ́n fẹ́ rán ẹ̀wù fún mi. Ògúngbèmí, ìbọn tuntun tí kò bá mi wọ igbó rí kì í ṣe ẹrù mi. O lè fi í ṣe ìpà fún ẹni tí ó tà á fún ọ. Ẹ gbé ẹmu yín, ẹ gbé ìbọn yín, ọ̀nà ilé wà lẹ́yìn yín. Àgò yẹn dára, ẹni tó hun ún mọṣẹ́. Ẹ fi kó adìẹ.

Kí ni ọmọ yẹn ń wò lórí mi? Bẹ́ẹ̀ ni, fìlà náà nìyí. Ó fún mi lórí díẹ̀, orí ọmọ mi kéré sí tèmi. N kò ní ṣí i.